Kókó tí kì í dunni: kí ni lymphoma, kí sì ni lymph tí wọ́n ń pariwo rẹ̀?

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń wọlé lọ́dọọdún ni ọ̀rọ̀ kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí fóònù. Àwòrán ọrùn tó wú á wọlé, ohùn ẹnì kan á sì tẹ̀ lé e pé, "Bí ẹ bá ti rí kókó báyìí, jẹjẹrẹ ni." Kò pẹ́, fídíò mìíràn á dé. Ẹni inú rẹ̀ á máa fi ọwọ́ ra ọrùn àti abíyá, á ní òun ń fọ lymph, á ní ìdọ̀tí inú ara ló ń jáde yẹn. Ẹlòmíì á tún fi ti jàbùtẹ́ kún un. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Ìyàrà tàbí ní Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti di ọ̀kan. Ẹni tí kò ṣàìsàn á máa gbọ̀n. Ẹni tó yẹ kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn á jókòó sílé, á máa ra ọrùn.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde?

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ káàkiri àgbáyé láti la àwọn ènìyàn lójú nípa lymphoma, oríṣi jẹjẹrẹ kan. Ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀ ni pé àìsàn yìí máa ń fara pa mọ́ sábẹ́ àwọn àìsàn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, débi pé ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2022, wọ́n ṣírò pé ó lé ní 550,000 ènìyàn ní gbogbo ayé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oríṣi tí wọ́n ń pè ní non-Hodgkin lára wọn, àti ó lé ní 80,000 tí wọ́n rí ti Hodgkin lára wọn.

Ìpolongo náà dára. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ó sọ àmì fún àwọn ènìyàn, kò sọ bí wọn yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín àmì náà àti ohun tí a ń rí lójoojúmọ́.

Kí ni lymph gan-an, ibo ló sì wà lára wa?

Ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ká ara kì í dúró sínú iṣan rẹ̀ pátápátá. Omi rẹ̀ máa ń jò gba ara àwọn iṣan tó tín-ín-rín jù lọ, òun ló ń gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ẹran ara. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi yìí ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bíi lítà mẹ́ta lójúmọ́ tí ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Bí gọ́tà ṣe ń gbá omi òjò agbolé jọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn iṣan mìíràn, tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ṣe ń gbá omi tó ṣẹ́ kù yìí jọ, tí wọ́n sì ń gbé e lọ dà padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá nísàlẹ̀ ọrùn. Omi inú àwọn iṣan yẹn ni lymph. Ọkàn kọ́ ló ń tì í. Rírìn wa, mímí wa àti bí ara iṣan náà ṣe ń fún pọ̀ ló ń mú kó máa lọ.

Lójú ọ̀nà àwọn iṣan yìí ni àwọn kókó kéékèèké wà, nǹkan bíi 600 lára àgbàlagbà. Púpọ̀ nínú wọn kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ọrùn, abíyá, àti abẹ́ itan níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ikùn ni ọwọ́ ti lè kàn wọ́n. Àwọn tó wà nínú àyà àti ikùn kò ṣeé fọwọ́ bà. Inú wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní lymphocyte máa ń dúró de kòkòrò àìsàn. Ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí à ń pè ní bélúbélú, wà lára ètò kan náà. Ọlọ inú tó wà lábẹ́ ìhà òsì àti mùdùnmúdùn inú egungun náà wà lára rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn lymphocyte wọ̀nyí bá yà bàrá, tó ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, tí kò sì kú lásìkò tó yẹ kó kú, ìyẹn ni lymphoma. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Ìdílé ńlá méjì ló pín sí. Hodgkin ni àkọ́kọ́, tí wọ́n fi orúkọ Thomas Hodgkin pè, dókítà tó kọ nípa rẹ̀ ní ìlú London ní ọdún 1832. Non-Hodgkin ni èkejì. Ẹ̀yà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lé ní 60. Òmíràn ń rọra wọ́ fún ọdún púpọ̀, òmíràn sì ń sáré láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Jàbùtẹ́ kì í ṣe lymphoma. Aràn kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ló ń wọ inú iṣan lymph, tó ń bà á jẹ́, tí omi fi ń kúnlẹ̀ sínú ẹsẹ̀ tàbí kórópọ̀n. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín oògùn ivermectin àti albendazole ní abúlé púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀nà kan náà ni àìsàn méjèèjì ń tọ̀ lára. Ohun tó so wọ́n pọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé gbogbo kókó ló burú?

Rárá o. Ẹni tó bá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko mọ̀ pé kókó lè so sí abẹ́ itan kí egbò náà tó jinná. Ọmọ tí làpálàpá bo orí rẹ̀ máa ń ní kókó lẹ́yìn ọrùn. Eyín tó ti jẹrà máa ń gbé kókó sí abẹ́ àgbọ̀n. Gbogbo ìwọ̀nyí, iṣẹ́ ni kókó náà ń ṣe. Ó sábà máa ń dunni bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí ohun tó fà á bá ti lọ.

Gẹ̀gẹ̀ náà yàtọ̀. Iwájú ọrùn gan-an ló máa ń wà, ó sì máa ń gòkè bí ènìyàn bá gbé itọ́ mì. Kókó lymph kì í bá itọ́ gòkè.

Èyí tó yẹ kó kọni lóminú ni kókó tí kì í dunni, tó le díẹ̀ bíi rọ́bà, tó ju hóró ẹ̀wà lọ, tó kọjá oṣù kan tí kò sì lọ, tàbí tó ń tóbi sí i. Bó bá jẹ́ inú kòtò tó wà lókè eegun èjìká ló ti yọ, kí ẹni náà má wulẹ̀ dúró de oṣù kan. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ àwọn ará wa, nítorí ìrora la fi ń mọ àìsàn. "Kò dùn mí" ni bàbá á wí, á sì gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Nínú lymphoma, àìdunni yẹn gan-an wà lára àmì rẹ̀.

Yàtọ̀ sí kókó, kí ni àwọn àmì yòókù?

Mẹ́ta wà tí àwọn dókítà máa ń bi ènìyàn léèrè lójú ẹsẹ̀, nítorí wọ́n ń fi wọ́n díwọ̀n bí àìsàn náà ṣe lágbára tó. Àkọ́kọ́ ni ara gbígbóná tó kọjá 38 lórí òṣùwọ̀n, tó ń lọ tó ń bọ̀ láìnídìí. Èkejì ni òógùn òru. Kì í ṣe òógùn ooru oṣù kẹta tí gbogbo wa mọ̀. Èyí ni èyí tí aṣọ á rin gbingbin, tí ènìyàn á dìde pààrọ̀ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn rù dànù láìgbààwẹ̀, kí ó pàdánù ju ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tó wọn kílò 70 tẹ́lẹ̀ tó wá di 62.

Ara yíyún láìsí èélá, àárẹ̀ tí oorun kò lè mú kúrò, ikọ́ tàbí èémí kúkúrú nítorí kókó inú àyà, ikùn tó ń yára kún nítorí ọlọ inú tó wú: gbogbo rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó ní Hodgkin máa ń rí i pé kókó náà ń ro wọ́n bí wọ́n bá ti mu ọtí.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń pè é ní ibà tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Nítorí pé àwọn àmì yẹn jọra ni. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná lálẹ́ ní Mọ́pà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, ibà ni ilé á kọ́kọ́ pè é, wọn kò sì ṣìnà, nítorí ibà ló wọ́pọ̀ jù. Bí oògùn ibà kò bá gbé e, wọ́n á ní taifọ́ìdì ni. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n máa ń ṣe fún taifọ́ìdì lè sọ pé "ó wà" fún ẹni tí kò ní in rárá, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe é. Báyìí ni abẹ́rẹ́ á ṣe máa tẹ̀ lé abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni oṣù máa ń bọ́ sí.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ṣòro jù. Ó lè wọ inú kókó ọrùn láìjẹ́ pé ènìyàn wúkọ́ rárá, òun náà sì ní ibà ìrọ̀lẹ́, òógùn òru àti rírù. Èrò àwọn dókítà pàápàá kò ṣọ̀kan lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Àwọn kan sọ pé níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti wọ́pọ̀, tí láàbù sì jìnnà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀, kí wọ́n máa wo kókó náà bóyá yóò lọ sílẹ̀. Oògùn náà ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ oògùn oṣù mẹ́fà lórí kókó tí wọn kò tíì mú lọ sí láàbù. Ìdí wọn ni pé kókó ikọ́ ẹ̀gbẹ lè kọ́kọ́ wú sí i nígbà tí oògùn ń ṣiṣẹ́, nítorí náà wíwò lójú lásán lè tanni jẹ. Ibi tí ìhà méjèèjì ti fẹnu kò ni pé bí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti wọ oṣù kejì tí kókó náà ń tóbi sí i, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò HIV náà ṣe pàtàkì, ọ̀fẹ́ sì ni òun náà. Ẹni tí kòkòrò náà wà lára rẹ̀ súnmọ́ lymphoma ju ẹlòmíràn lọ, ó sì súnmọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ bákan náà.

Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Oògùn bíi dexamethasone àti prednisolone, tí àwọn kẹ́mísì kan máa ń pò mọ́ oògùn fún ẹni tí ara ń ro, lè mú kí kókó lymphoma sọ̀kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni náà á rò pé òun ti gbádùn. Bí wọ́n bá wá gé kókó náà lásìkò yẹn, láàbù lè má rí àìsàn náà mọ́. Ẹni tó bá ti lo irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà.

"Jẹjẹrẹ kò fẹ́ abẹ": ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu àwọn ènìyàn gan-an, kò sì ṣàdédé wáyé. Àwọn tó ń sọ ọ́ ti rí ẹni tí wọ́n gé kókó rẹ̀ tí kò pé ọdún tó fi kú. Ohun tí àwọn dókítà ń sọ ni pé àìsàn náà ti jìnnà kí wọ́n tó gé e, àti pé nínú lymphoma, gígé náà kì í ṣe ìtọ́jú rárá. Kìkì kí wọ́n lè mọ ohun tó jẹ́ ni wọ́n ṣe ń gé e. Oògùn tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara ni ìtọ́jú rẹ̀, nítorí náà kò sí pé abẹ tú u ká kọjá ibi tí oògùn lè dé.

Abẹ tó léwu ni ti ẹni tó sín gbẹ́rẹ́ lé kókó lórí, tó sì fi ewé tó ń jóni bò ó. Kókó náà á di egbò, egbò á kẹ̀, àyẹ̀wò á sì tún ṣòro sí i.

Àríyànjiyàn wà láàárín àwọn oníṣègùn náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó, nítorí ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó lè fi ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn dáadáa. Fún lymphoma, kò tó. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣe tò sínú kókó ni láàbù nílò láti fi mọ ẹ̀yà rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sì lè fa ìtò yẹn jáde. Kókó kan odindi ni wọ́n máa ń fẹ́ gé. Wọ́n á fi í sínú fọ́málìn, omi tó ń dáàbò bò ó títí yóò fi dé láàbù. Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ̀yin ẹbí gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ẹ rí i pé fọ́málìn bo gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe dá a sínú omi tàbí sípírítì, kí orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gé e lára sì wà lára ike náà.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Burkitt, tó jẹ́ ti agbègbè ibà bíi tiwa. Ní ọdún 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní Uganda, kọ nípa àwọn ọmọ tí àgbọ̀n wọn ń wú lọ́nà àrà. Ó rí i pé ibi tí ooru àti òjò bá ti pọ̀ ni àìsàn náà wà, ibi tí ẹ̀fọn ibà ń gbé gan-an. Ní ọdún 1964, Anthony Epstein, Yvonne Barr àti Bert Achong rí kòkòrò kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì àìsàn náà, òun ni wọ́n ń pè ní Epstein-Barr títí dòní. Ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ló ti ní kòkòrò yìí lára láti kékeré tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àlàyé tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni pé ibà tó ń padà wá lemọ́lemọ́ máa ń tán ara ọmọ lókun, kòkòrò náà á sì rí àyè.

Àwọn ọmọ bíi ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ ló sábà máa ń mú, ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, eyín á máa mì láìtíì tó àkókò, ojú kan lè máa yọ síta, tàbí kí ikùn máa le. Ilé á ní ìṣòro eyín ni, wọ́n á yọ eyín. Lymphoma yìí wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ń yára jù lọ: ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lónìí tó sì tóbi sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ọjà. Èyí tó yẹ kó fún òbí lókun ni pé ó wà lára àwọn tí oògùn ń ràn kíákíá, ọ̀pọ̀ ọmọ tó tètè débẹ̀ sì ń bọ́ pátápátá.

Ṣé oògùn ìpakoríko ló ń fà á?

Ìbéèrè àwọn tó ní oko kàṣú ní Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú nìyí, ó sì tọ́ kí wọ́n bèèrè. Glyphosate ni oògùn tí wọ́n ń jà lé lórí. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, sọ pé ó ṣeé ṣe gan-an kó máa fa jẹjẹrẹ. Wọ́n dárúkọ non-Hodgkin, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rí tó wà lára ènìyàn kò tíì pọ̀ tó. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù àti èyí tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá kan ní ọdún 2018, tó tọ àwọn tó ń fín oògùn ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn, ó lé ní 54,000 ènìyàn, kò rí i pé ó fa lymphoma. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn kó ìwádìí púpọ̀ pọ̀, wọ́n ní fún àwọn tó ń lò ó jù lọ, ewu náà fi 41 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ilé ẹjọ́ ní California náà ti dá ẹ̀bi fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní ọdún 2018, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ kì í ṣe láàbù.

Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ gígùn, láti má fín in nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àti láti má ṣe fi ike rẹ̀ pọn omi mímu.

Fídíò "fífọ lymph" wá ń kọ́?

Ìfọwọ́ra bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn lóòótọ́. Wọ́n ń lò ó fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú, nítorí wọ́n ti yọ kókó abíyá. Ẹni tó kọ́ ọ ló ń ṣe é. Kì í wo jẹjẹrẹ, kì í sì í yọ májèlé kúrò lára. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ni iṣẹ́ yẹn.

Ṣé ó ṣeé wò, níbo sì ni?

Ó ṣeé wò. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ìtọ́jú ti pé, ó ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní Hodgkin tí ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kódà bó bá ti dé ipele kẹrin, tó ti wọ mùdùnmúdùn egungun, àwọn oríṣi kan ṣì wà tí oògùn lè lé lọ pátápátá. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ yòókù kò rí bẹ́ẹ̀.

Kò sí àyẹ̀wò tí ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń lọ ṣe lọ́dọọdún fún lymphoma bí ó ti wà fún ọmú tàbí ilé ọmọ. Bí àmì bá yọ ni à ń lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti ìjọ ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀: wọ́n á fọwọ́ wá kókó, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti HIV, wọ́n á ya àwòrán àyà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìtọ́ni á gbé ènìyàn lọ sí Federal Teaching Hospital ní Lọ́kọ́ja, tàbí sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. UCH ní Ìbàdàn àti National Hospital ní Àbújá náà wà. Àwọn tó wà ní Yàgbà sábà máa ń yan Ìlọrin. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà sì wà lára ohun tí àwọn ẹbí máa ń rò kí wọ́n tó gbéra.

Owó ni òkè tó kù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ owó ìrànwọ́ fún àwọn aláìní tó ní jẹjẹrẹ, ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti próstéètì ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, lymphoma kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé adójútòfò ìlera, kí ó bèèrè lọ́dọ̀ wọn ní kíkọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n máa san àti èyí tí wọn kò ní í san. Oògùn tí wọ́n ń pè ní CHOP, tó wọ́pọ̀ fún non-Hodgkin, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n sábà máa ń fi sáàárín ìgbà kan sí òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sì ni wọ́n máa ń fún ènìyàn ní í. Ẹni tó bá máa ti Ìsánlú lọ gbà á ní Ìlọrin, kí ó ti bá ẹbí tó máa gbà á sílé níbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó gba àkọ́kọ́, nítorí kò dára kí ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tí kókó bá ti sọ̀kalẹ̀.